Ta Ni Yóò Fún Ẹlẹ́wọ̀n Àná Nílé Gbé ní Ifẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá ilé rí lẹ́yìn ọgbà yunifásítì wa, ní Mayfair o, ní Lágere o, tàbí lọ́nà Ẹdẹ, mọ bí ìbéèrè ṣe máa ń tẹ̀ léra. Ejẹ́ǹtì á kọ́kọ́ gba owó tirẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá mú yín dé ọ̀dọ̀ onílé, bàbá á wo irun orí yín, á wo irú fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, á bèèrè ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ ń kọ́, á bèèrè iṣẹ́ tí òbí yín ń ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá sọ èyí tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti wọlé: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe yàhúù lò ń ṣe? Ṣé wọn ò mú ẹ rí?"

Ẹni tó bá lè sọ pé "Rárá o, Bàbá" á lọ san owó ilé. Ẹni tí wọ́n ti mú rí, tí kò sì fẹ́ purọ́, á gbọ́ pé ẹlòmíì ti san owó yàrá náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò ní rí ìwé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, kò sì ní rí ẹni tó máa gbà pé òun lòun kọ̀ ọ́. Ilé àkọ́kọ́ á sọ bẹ́ẹ̀, ìkejì á sọ bẹ́ẹ̀, ìkẹta á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ejẹ́ǹtì náà á sì dẹ́kun gbígbé ìpè rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Mímú kì í ṣe ẹ̀bi, kò sì yẹ kí onílé kankan kà á sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ̀wọ̀n pàápàá, tí ènìyàn bá ti ṣe é tán, ó ti ṣe é tán; kò yẹ kí ìlú Ifẹ̀ tún fi àìrílégbé kún ìdájọ́ tí adájọ́ ti dá. Apá àkọ́kọ́ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n pariwo lé lórí. Tó bá kan apá kejì, ohùn máa ń rọlẹ̀.

Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ní òru mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC ya wọ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní agbègbè Odùduwà Estate, wọ́n sì kó ènìyàn 69. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ìwé ìròyìn kan, alága àjọ náà, Ọlá Olúkòyédè, sì pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yé ká ènìyàn mọ́lé lóru. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó ti gba ìtúsílẹ̀.

Ariwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa nígbà náà tọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìtúsílẹ̀ kò lè tún ṣe. Tí wọ́n bá ń mú ènìyàn lóru, gbogbo àdúgbò ló máa jí. Wọ́n á rí i nínú ṣòkòtò péńpé, wọ́n á rí bí wọ́n ṣe ń tì í wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, òun nìkan ló máa wọ mọ́tò wálé. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa lọ kan ilẹ̀kùn onílé láti wí pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, ọmọ yìí ò jẹ̀bi o."

Àjọ náà sì máa ń gbé orúkọ àti àwòrán àwọn tí wọ́n bá mú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọjà orí àtẹ. Ejẹ́ǹtì tó bá tẹ orúkọ yín sí Google á rí ọjọ́ tí wọ́n mú yín. Kò dájú pé á rí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ. Abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Bàbá onílé ò ka abala 36. Fóònù ọmọ rẹ̀ ló kà.

(A ò tíì sọ ti irun o. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ń ki ọmọ tó bá gbé irun dàda wáyé, ọmọ tó bá lọ dì í sórí báyìí, ejẹ́ǹtì ò ní jẹ́ kó tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ pé yàrá ti tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ká má fi ẹ̀tàn bára wa sọ̀rọ̀, ẹ̀rù tó ń ba àwọn onílé ní ìdí. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 láti fi dojú kọ irú jìbìtì tí à ń pè ní 419. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń gbé inú ilé kan tàbí tó ń bójú tó o, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lu jìbìtì, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún márùn-ún, tí kò sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ló máa ṣe, láìsí àyè owó ìtanràn. EFCC máa ń fi òfin yìí kìlọ̀ fún àwọn onílé àti àwọn tó ni òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá fojú inú wo tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo owó tí ìjọba san fún un lẹ́yìn iṣẹ́ wà nínú yàrá mẹ́fà tó kọ́ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ayálégbé lè sọ òun di ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ ogbó. Ṣé ẹ rò pé ó máa dúró ka gbólóhùn náà délẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí wọn kì í kà fún un: "mọ̀ọ́mọ̀". Òfin náà ò ní kí onílé máa ṣe ọlọ́pàá. Ó ní kó má mọ̀ọ́mọ̀ gbà á láyè. Onílé tó bá gba ọmọkùnrin kan tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí jẹnẹrétọ̀ tó jí, kò rú òfin yẹn rárá. Ẹni tí òfin ń wá ni onílé tó rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru, tó ń gba owó ilé ìlọ́po méjì kó lè dijú, nítorí pé ayálégbé rẹ̀ ń gun mọ́tò ńlá, wọn ò sì tíì mú un rí. Irú onílé bẹ́ẹ̀ wà ní Ifẹ̀ dáadáa. Wọn kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kankan.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ọ̀rọ̀ aláìṣẹ̀ la ń sọ, ọ̀rọ̀ aláìṣẹ̀ kò sì ṣòroó gbèjà. Gbogbo ìwọ́de àti gbogbo ìwé tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ, orí gbólóhùn kan ni wọ́n dúró lé: ọmọ wa kì í ṣe ọ̀daràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é gan-an ńkọ́?

A mọ ẹnì kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ àdúgbò. Ó ra láptọ́ọ̀pù ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ dáadáa. Ó fura, ó sì rà á bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù olè ni. Adájọ́ májísíréètì ní kó lọ fi oṣù mẹ́ta roko ọba, ó sì rò ó pé. Nígbà tó jáde, sẹ́mẹ́sítà kan ti lọ, ṣùgbọ́n ó padà wá. Ó rí yàrá kan, ó san owó ọdún kan, ó san owó ìwé àdéhùn àti owó ejẹ́ǹtì. Kò tíì lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ tí ayálégbé kan fi dá a mọ̀, tó sì lọ sọ fún ìyá onílé. Màmá pè é lálẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o, ṣùgbọ́n mo ní àwọn ọmọbìnrin nínú ilé." Wọ́n ka owó ilé padà fún un pé pérépéré. Owó ejẹ́ǹtì kò padà.

Ẹ gbọ́ ibi tó gbà. Ó sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sùn lórí ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú Awó Hall títí àwọn tó ni bẹ́ẹ̀dì fi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí pé àwọn náà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó lọ sí fúláàtì kan tí wọn kì í ti bi ènìyàn níbi tó ti ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ irú fúláàtì bẹ́ẹ̀, èyí tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú lóru, tí fèrèsé rẹ̀ kì í sì í ṣí lọ́sàn-án. Kò san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó ṣáà máa wo báwọn ṣe ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù nìyẹn. Àwọn onílé ní àwọn ò fẹ́ ọ̀daràn nítòsí àwọn, kò sì sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ láti fi ṣe ọ̀daràn. Ilé tí ènìyàn jẹ́jẹ́ ń gbé ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ilé kan ṣoṣo tó ṣílẹ̀kùn ni ilé tí gbogbo wa ń gbàdúrà pé kó má padà sí. Tó bá wá padà ṣe é, àwọn tó lé e á ní, "Ẹ ò rí i? A sọ bẹ́ẹ̀."

Àìní ilé sì máa ń bí ọmọ. Ẹni tí kò ní ilé kò ní ádírẹ́ẹ̀sì, ẹni tí kò ní ádírẹ́ẹ̀sì kò rọrùn fún láti gba béèlì tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣẹlẹ̀, nítorí pé ohun tí kóòtù máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti lè rí i. Òfin ọdún 2019 tó yí ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà fàyè gba kí ẹlòmíì má lọ sẹ́wọ̀n rárá, kó máa ti ilé wá ṣiṣẹ́ ìlú, tàbí kó wà lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti ilé wo?

Yorùbá ní òwe kan tí wọ́n máa ń fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ènìyàn lẹ́nu: ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. A ò ní ṣe bí ẹni pé òwe náà kò sí, tàbí pé àwọn àgbà ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tí kò tíì jalè, pé orúkọ tó bá bàjẹ́ kì í tètè ṣe é tún ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn onílé wa ti sọ òwe àkọ́kọ́ di òfin àdúgbò, èkejì ti di ohun tí wọ́n fi ń wàásù níbi ìkómọ.

Níwọ̀n bí a sì ti ń sọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ tó wà lẹ́nubodè wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Sówẹ̀mímọ̀ dá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́bi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba, ó sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a nù ní 1964. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ló wà nígbà tí ìjọba Gowon tú u sílẹ̀ tí wọ́n sì forí jì í ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Ní 1967, ọdún tí Yunifásítì Ifẹ̀ ń kó láti Ìbàdàn wá sórí ilẹ̀ tó wà títí dòní, wọ́n fi í ṣe Ṣáńsẹ́lọ̀ yunifásítì náà. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1987 tó kú, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọlé Ṣóyínká náà, ẹni tí ìjọba tì mọ́lé láti 1967 di 1969 láìgbé e dé iwájú adájọ́, Ifẹ̀ yìí ló ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n.

A ti ń gbọ́ ohun tí ẹ máa fi dá wa lóhùn: òṣèlú ni ti Awólọ́wọ̀, kò jalè. Òótọ́ ni, a ò sì fi ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù olè wé e. Ṣùgbọ́n kóòtù ló dá a lẹ́bi, kì í ṣe agbasọ. Tí ejẹ́ǹtì kan bá bi Baba léèrè ní ìparí ọdún 1966 pé ṣé wọn ò mú yín rí, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn tó bá òótọ́ mu. Ohun tó yọ ọ́ ni pé àwọn ènìyàn wà tó wo irú ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un, tí wọ́n wo ohun tó ti ṣe ṣáájú, tí wọ́n sì sọ pé ẹni yìí ju ẹjọ́ yẹn lọ. Kò sí ẹni tó máa kọ̀wé sí olórí orílẹ̀-èdè pé kó forí ji ọmọ mẹ̀kúnnù tó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè fún un kò tó ìdáríjì. Kí ẹnì kan wo irú ẹjọ́ náà kó tó sọ pé kò sí yàrá, ó tán.

Ifẹ̀ ilé wa gan-an mọ ọ̀nà tó gbà ń ṣe é. Ní agbolé, ní Ìlóde tàbí ní Ìrèmọ, kò sí ẹni tó ń bi ọmọ ilé bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Wọ́n mọ̀ ju Google lọ. Baálé mọ ohun tó ṣe, àwọn ìyàwó ilé mọ̀, àwọn ọmọdé á fi kọrin bú u lọ́jọ́ tí ìjà bá dé. Síbẹ̀, yàrá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ojú gbogbo ilé sì wà lára rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, kódà bó jẹ́ oko ọba lènìyàn ti ń bọ̀. Àmọ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó wá kàwé ní Ifẹ̀ kò ní agbolé níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni bíríkìlà tó tẹ̀ lé iṣẹ́ wá láti Ìsẹ́yìn. Ilé ayálégbé nìkan ló wà fún wọn, kò sì sí baálé nínú ilé ayálégbé, àfi ejẹ́ǹtì.

Òfin tiẹ̀ wà lórí rẹ̀. Òfin ọdún 2019 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ní kí àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá hùwà dáadáa ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́jọ́ tó bá ń jáde, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí ẹ̀wọ̀n tó ṣe dẹ́yẹ sí ẹni tó bá gba ìwé náà. Gbólóhùn yẹn dùn ún kà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà ní Ifẹ̀ yìí, òmíràn wà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo onílé tí a ti bá sọ̀rọ̀, a ò tíì rí ẹyọ kan tó mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ìwé òfin ọdún 1999 náà ní abala 42 tó de ìyàsọ́tọ̀: ó ka ẹ̀yà, ó ka ibi tí ènìyàn ti wá, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá, ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn kan á lo ọdún níbẹ̀, wọ́n á sì jáde láìjẹ̀bi ohunkóhun. Ojú ẹlẹ́wọ̀n náà ni àdúgbò máa fi wò wọ́n.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ifẹ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lọ́dún 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Onílé kò gbọdọ̀ bèèrè nípa ẹ̀wọ̀n tàbí ẹjọ́ títí yóò fi kọ́kọ́ gbà pé òun máa fún ẹni náà nílé. Tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, mímú tí kò yọrí sí ìdálẹ́bi kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin tirẹ̀ láti 1974: tí ènìyàn bá ti ṣe ìjìyà tán, tí iye ọdún kan sì kọjá láìdá ọ̀ràn mìíràn, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kéékèèké á di ohun tí kò pọn dandan kó máa sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. A ò ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Òṣogbo lọ da òfin New Jersey kọ. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ orúkọ wò. Níbí, ẹnu ni, òfin ò sì lè di ẹnu. Ohun tí a fẹ́ mú níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sáàárín mímú àti ẹ̀bi, àti pé wọ́n gbà pé ẹ̀bi náà ní ọjọ́ tí ó ń tán. Fóònù wa níbí kò mọ ọjọ́ tí nǹkan ń tán.

Ìyá onílé tó ní àwọn ní ọmọbìnrin nínú ilé kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ló gbé ọmọ náà dé ẹ̀wọ̀n, a ò ní bá wọn jiyàn rárá, a máa bá wọn ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ni. Màmá ò bèèrè. Ká ní wọ́n bèèrè ohun tó ṣe, ọdún tó ṣe é, àti ẹni tó lè dúró fún un, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìdáhùn máa gbà. Wọ́n sì lè ní kó san owó oṣù mẹ́fà dípò ọdún kan, kí àwọn lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n lè ní kí pásítọ̀ rẹ̀ tàbí tíṣà rẹ̀ wá fọwọ́ sí ìwé. Gbogbo ìyẹn wà lábẹ́ agbára onílé, kò sí èyí tó kó o sínú ewu, a ò sì lòdì sí ìkankan nínú rẹ̀. Ohun tí a lòdì sí ni "rárá" tó ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó la ẹnu.

Ká sì sọ èyí tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ara wa. Ayálégbé tó lọ tú àṣírí fún ìyá onílé yẹn kì í ṣe bàbá arúgbó tí ẹ̀rù ń bà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ Gíréètì Ifẹ̀, ẹni tó ṣeé ṣe kó wà láàárín àwọn tó gbé páálí sókè ní 2023. Kò rí ohun burúkú kankan kí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe nínú ilé. Ó kàn rántí ojú rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka òfin, ẹ kọ abala kẹta òfin 2006 yẹn sínú ìwé ojú kan ní Yorùbá tí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lè kà láìwọ gíláàsì méjì, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ "mọ̀ọ́mọ̀". Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onílé tí owó ilé bá gbówó lórí lè mú ìwé yẹn dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ. Ẹni tí EFCC bá sì tú sílẹ̀ láìfẹ̀sùn kàn án, ó yẹ kí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé e kò lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n yọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri Ifẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ejẹ́ǹtì ló ń bá yín bójú tó o, ẹ sì wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lè má tíì mọ ohun tí wọ́n ń bi àwọn ènìyàn lórúkọ yín. Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ bèèrè. Ẹ ní tí wọ́n bá sọ fún un pé wọ́n ti mú ẹnì kan rí, kó má lé e lọ, kó kọ́kọ́ fún yín ní orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín.

Ọ̀gbẹ́ni tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní fúláàtì yẹn báyìí, ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wa ló ń sùn. Ó ku sẹ́mẹ́sítà méjì fún un. Owó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tíṣà kan ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti gbà láti dúró fún un. Yàrá kan ṣoṣo ló ń wá, kò sì kọ ibi tó bá jìnnà díẹ̀ sí ẹnubodè. Ẹni tó bá ní, kó kàn sí wa.